Lẹ́tà Ọ̀ṣọ́ àti Orúkọ Ìlú: Fọ́ǹtì Algerian nínú Àkọsílẹ̀ Gbangba ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìfáárà

Orúkọ ìlú méjì ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú irú lẹ́tà kan tí a fi ń kọ wọ́n sí gbangba. Bí a bá fi ojú àkọtọ́ wo orúkọ méjèèjì, ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí. Kò sí lẹ́tà kankan nínú Ìkòròdú tí ó nílò àmì lábẹ́. Fáwẹ̀lì méjì péré ni ó wà nínú Ẹ̀pẹ́, méjèèjì ni ó sì nílò rẹ̀. Nítorí náà, bí atẹ̀wé bá lo irú lẹ́tà tí kò ní Ẹ nínú, Ìkòròdú yóò kọjá láìfarapa, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ yóò di EPE. Ẹni tí ó mọ ìlú náà yóò kà á bí ó ti yẹ kí a kà á. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín e àti ẹ lè kà á ní èpè, kò sì ní jẹ̀bi.

Irú lẹ́tà tí a ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní Algerian. Bí òǹkàwé kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ojú rẹ̀. Òun ni ó wà lórí ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, lórí pátákó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, lórí ìwé ẹ̀rí tí a fi ń dá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́lá, lórí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti lórí bánà òkú àgbà tí a gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ìta. Ó ṣòro kí ènìyàn rin ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan láìrí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé kọ̀ǹpútà ni ó mú kí àmì Yorùbá sọnù lórí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dé ilẹ̀ Yorùbá ni lẹ́tà inú ìwé àti lẹ́tà ọ̀ṣọ́ ti gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A rọ lẹ́tà inú ìwé fún èdè Yorùbá. Ti ọ̀ṣọ́, bí a ti rọ ọ́ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ṣe gbà á, tí a sì ń lò ó títí di òní.

Ìrísí àti ìwà lẹ́tà náà

Àwọn lẹ́tà tí a fi ń tẹ̀wé pín sí oríṣi ńlá méjì. Àwọn kan ní ẹsẹ̀, àwọn kan kò ní. Ẹsẹ̀ tí a ń wí ni ìlà kékeré tí ó dábùú ìparí ọ̀pá lẹ́tà, bí ìgbà tí òpó bá dúró lórí ìpìlẹ̀ tí ó fẹ̀ jù ú lọ. A ó máa pe oríṣi yìí ní lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an láyé. Ó wà lára òkúta ìlú Róòmù, irú bí ti ọwọ̀n Trajan tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 113 lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Edward Catich, àlùfáà Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ pátákó kíkọ, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1968 pé kì í ṣe irin agbẹ́kùúta ni ó bí ẹsẹ̀ yìí bí kò ṣe búrọ́ṣì. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà kọ lẹ́tà náà sára òkúta, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ. A ó rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ búrọ́ṣì yìí kan àwa náà.

Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ tí a fi ń tẹ ìwé kíkà kì í pariwo. Times New Roman tí wọ́n ṣe fún ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1932, jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri, wọ́n ń fẹ́ lẹ́tà tí yóò dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé dà sí lẹ́tà wá ń bá ara wọn díje. Wọ́n mú ọ̀pá lẹ́tà nípọn, wọ́n fi òjìji sí i, wọ́n fi òdòdó sí i, wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tí ó lórúkọ jù nínú wọn ni Stephenson Blake ti ìlú Sheffield, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1818. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni Algerian ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Orúkọ rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ Àlùjíríà, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ àti irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí, kò sì sí ohunkóhun nínú ìrísí rẹ̀ tí ó jọ bí àwọn ará Àlùjíríà ṣe ń kọ̀wé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ nípọn ní apá kan ó sì tín-ín-rín ní apá kejì, òjìji sì tẹ̀lé e bí ẹni pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí i. Nínú èyí tí ó bá Microsoft Office wọ inú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ńlá nìkan ni ó wà. Bí ènìyàn bá tẹ lẹ́tà kékeré, ti ńlá ni yóò jáde. Agbádá ni lẹ́tà yìí jẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. A kì í wọ agbádá lọ sí oko, a kò sì gbọdọ̀ fi Algerian tẹ ojú ewé odidi kan. (Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń fi í tẹ ojú ewé ìdúpẹ́ nínú iṣẹ́ àṣekágbá wọn láti òkè délẹ̀, ẹni tí yóò kà á tán ní láti ní sùúrù.) Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dúró lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ó sì bu iyì fún ọ̀rọ̀ náà: orúkọ olóògbé, orúkọ tọkọtaya, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ ìlú. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn, nítorí orúkọ Yorùbá gan-an ni ó nílò àmì jù.

Ọ̀nà méjì láti ìbẹ̀rẹ̀

Ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843. Ìwé gírámà rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 1852, a sì rí ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì lábẹ́ wọn nínú rẹ̀. Ní ọdún 1854 ni Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni Ìwé Ìròyìn ti jáde ní ọdún 1859. Kí òǹkàwé òde òní má ṣe fojú kéré ohun tí èyí gbà. Nínú iṣẹ́ lẹ́tà òjé, ègé irin kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Atẹ̀wé kò lè mú e kí ó wá fi àmì há a lábẹ́ bí a ti ń fi bírò ṣe é. Ègé ẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, kí ẹnìkan sì ti yọ́ òjé sínú àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé Yorùbá ní láti san owó fún irú ègé bẹ́ẹ̀, àwọn ìjọ Ọlọ́run sì san án nítorí wọ́n fẹ́ kí a ka ìwé mímọ́ ní àkàyé.

Ní ọdún 1854 kan náà yìí, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ọba Kòsọ́kọ́, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ti tẹ̀dó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ni ìpìlẹ̀ apá tí a ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn kan tí ìtàn mọ̀ sí Àdéhùn Ẹ̀pẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ orúkọ ni a kọ orúkọ inú rẹ̀. Ìwé gírámà Crowther ti jáde fún ọdún méjì nígbà náà, nítorí náà a kò lè sọ pé kò tíì sí ọ̀nà láti kọ wọ́n. Ohun tí ó wà ni pé aṣojú ìjọba kò kọ̀wé sí ẹni tí yóò ka Yorùbá.

Ọ̀nà méjì náà nìyẹn. Ti ìjọ Ọlọ́run àti ilé-ẹ̀kọ́ gba àmì mọ́ra. Ti ìjọba àti ti òwò kò gbà á. Nígbà tí Èkó di ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861, tí Robert Campbell, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Anglo-African ní ọdún 1863, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè òwò àti ti ìkéde. Lẹ́tà ọ̀ṣọ́ wá tẹ̀lé òwò. Ó wà fún ìkéde ọjà gbàǹjo, fún ìwé ètò eré orin, fún káàdì ìpè.

Ìṣirò owó sì dá kún un. Ẹni tí ó ń tẹ ìwé kíkà nílò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé ẹ nínú àpótí lẹ́tà rẹ̀, nítorí náà ó tọ́ kí ó ní kí wọ́n rọ ọ́. Lẹ́tà ọ̀ṣọ́ yàtọ̀. Ègé díẹ̀ ni a ń rà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tóbi, wọ́n sì wọ́n. Ta ni yóò ní kí wọ́n gbẹ́ Ẹ olójìjì ní Sheffield nítorí káàdì ìpè méjì lọ́dún? Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rọrùn fún ìwé kan náà láti pé nínú kí ó sì lábùkù lẹ́yìn: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní àmì, àkọlé tí ó wà lórí èèpo rẹ̀ kò ní. Àṣà yìí kò tíì parí. Kí olùkọ́ wo àwọn ìwé tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ó dára kí a fi ìkọ̀wé mìíràn tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́ ní àkókò kan náà wé èyí. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ lára àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ dé, ilé kéwú sì ni àwọn ọmọ wọn ti ń fi kálàmù kọ Lárúbáwá sára wàláà. Ìkọ̀wé yẹn náà ní ọ̀ṣọ́ tirẹ̀, ó tilẹ̀ lè jẹ́ òun ni ó ní ọ̀ṣọ́ jù lọ láyé. Síbẹ̀, àmì kan-kàn tí ó ya lẹ́tà kan sọ́tọ̀ sí èkejì, èyí tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀, kò sí àáfáà tí yóò yọ ọ́ nítorí pé ó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́wà. Inú àmì náà ni ó ti ń wá ẹwà. Ọwọ́ kan náà, ìlú kan náà, ìgbà kan náà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ojú tí a fi wo àmì.

Àmì abẹ́ àti ìrìn-àjò rẹ̀

Ìpàdé tí àwọn ìjọ ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 ni ó fìdí ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì náà yóò ṣe rí kò dúró sójú kan. Àwọn ìwé kan lo àmì kan-kàn, àwọn mìíràn lo ìlà kékeré olóòró tí ó so mọ́ ìdí lẹ́tà. Àwọn tí ó yan ìlà náà ní ìdí kan tí kò ṣòro láti lóye: bí a bá fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀, àmì kan-kàn lè sọnù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà olóòró yóò gba inú rẹ̀ yọ. Nínú lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. E ní ẹsẹ̀ gbọọrọ nísàlẹ̀, O ṣe róbótó kò sì ní ẹsẹ̀ rárá, S tẹ̀ kọrọdọ. Ibi tí àmì yóò dúró lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè jẹ́ bákan náà. Bí ó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ E jù, yóò di ara rẹ̀. Bí òjìji bá wà ńkọ́?

Nígbà tí táípúráítà dé, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kọ́ ọgbọ́n títẹ lẹ́tà, kí wọ́n padà sẹ́yìn, kí wọ́n sì tẹ àmì ìdánudúró sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn tí kò ní sùúrù yẹn máa ń fi bírò sàmì sórí ìwé ìdánwò kí wọ́n tó pín in. Ní ti ṣ, àwọn aráàlú wá ọgbọ́n mìíràn: wọ́n fi h tì í lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí a fi ń rí Shomolu, Oshodi àti Shagamu lára ọkọ̀ títí di òní. Ẹ kíyèsí i pé nínú lẹ́tà mẹ́ta tí ó nílò àmì abẹ́, ṣ nìkan ni ó rí ẹni gbà á là lọ́nà yìí. Kò sí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí a lè tì sẹ́yìn e kí ó di ẹ. Ìyà yẹn ni Ẹ̀pẹ́ ń jẹ.

Iṣẹ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní ọdún 1965, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 1966, àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe, wọ́n sì ni a ń tẹ̀lé ní kíláàsì. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ ayé dípò aiye, ẹyẹ dípò ẹiyẹ. Inú ìwé kíkà ni àǹfààní wọn ti hàn jù.

Láti ọwọ́ akọpátákó dé kọ̀ǹpútà

Kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, akọpátákó ni ó ni ojú ìlú. Lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, lára ọkọ̀ akérò, lára ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, búrọ́ṣì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Búrọ́ṣì kò sì mọ èyí tí a rọ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọwọ́ bá ní kí ó ṣe ni yóò ṣe. Akọpátákó tí ó bá fẹ́ fi àmì sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kò nílò ju kí ó kan búrọ́ṣì mọ́ ibẹ̀ lọ. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò ṣe é, nítorí ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí oníbàárà kò béèrè, àti nítorí pé ojú ti mọ́ orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìjọba. Nítorí náà a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Àṣà ti wà kí ẹ̀rọ tó dé.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe ni pé ó sọ àṣà di dandan. Ní ọ̀wọ́ ọdún 1990 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àwọn ilé ìtẹ̀wé wa lọ́pọ̀lọpọ̀, Algerian sì wà lára àwọn fọ́ǹtì tí ó bá Microsoft Office wá. Kò sí owó tí a san lé e lórí. Orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, nítorí náà òkè ni ó wà nínú àtẹ fọ́ǹtì, ojú a sì tètè bá a. Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé Èkó pọ̀ sí jù, tí àwọn ará Ìkòròdú sì ń gba ojú ọ̀nà tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn lọ, ìwé ìpè, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìsìnkú ń jáde lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bánà dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fúnra wọn, oníkọ̀ǹpútà àdúgbò sì gba iṣẹ́ akọpátákó.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? A kò gbà pé ọ̀lẹ ni wọ́n, tàbí pé wọn kò mọ nǹkan tí ó dára. Lẹ́tà náà jọ ti ìwé ẹ̀rí àtijọ́, ó jọ ti ohun tí ó ti pẹ́, ó sì ní òjìji bí lẹ́tà tí a gbẹ́ sára òkúta. Ní àwùjọ tí ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, tí ó sì ń ná owó lórí òkú àgbà, ohun tí ó jọ ti àtijọ́ ni ó yẹ kí a fi kọ orúkọ bàbá. Ìfẹ́ ọ̀ṣọ́ kì í ṣe àbùkù. Ohun tí a ń bi ara wa ni ìdí tí ọ̀ṣọ́ fi ní láti gba àmì lọ́wọ́ orúkọ tí ó fẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun tí ó ń sọnù

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ Kòsọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ẹ̀pẹ́. Orúkọ àbíkú ni. Kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ yìí. Kí ó dákun kí ó dúró. Bí a bá fi Algerian kọ ọ́, KOSOKO ni a ó rí. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ náà rí lè kà á sí kò sóko, ẹni tí kò ní oko. Ó lè kà á sí kò sọ́kọ, ẹni tí kò ní ọkọ. Ó lè kà á sí kò sọ́kọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ni ọba náà fi la ọ̀sà kọjá dé Ẹ̀pẹ́. Àdúrà òbí tí ó wà nínú orúkọ náà kò sí nínú ìkankan nínú wọn. Àmì abẹ́ nìkan yóò mú oko kúrò. Àmì ohùn ni yóò ya ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ sọ́tọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àyíká ọ̀rọ̀ a máa là á yé ni. Òótọ́ ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kò sí ẹni tí yóò rí OJO lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó tí yóò rò pé òjò ni ó ń gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tí ó ti di ojúlówó lára ògiri ní ẹkùn méjèèjì yìí, níbi tí ilẹ̀ ti di wúrà: ILE YI KII SE TITA. Ilé ni, tàbí ilẹ̀? Bí ó bá wà lára ọgbà tí kò sí ilé nínú rẹ̀, a mọ̀ pé ilẹ̀ ni. Bí ó bá wà lára ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí ńkọ́, tí ọmọ kan ní òun lè ta ilé láìta ilẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e tilẹ̀ le jù. ONILE tí a kọ sórí pátákó ẹgbẹ́ lè jẹ́ onílé, ẹni tí ó kọ́lé tí ó sì ń gba owó ilé. Ó sì lè jẹ́ onílẹ̀, ẹbí tí ó ni ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìdáàbòbò dúkìá ní ọdún 2016 láti kápá àwọn tí ń fi agídí gba ilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n sí. Kò sí onílé tí yóò fẹ́ kí a ka orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ oyè náà wà níbẹ̀. Ọlọ́jà Ẹ̀pẹ́ jẹ́ oyè ọba, àmì abẹ́ mẹ́rin ni ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni fọ́ǹtì yìí máa ń gbé mì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú ẹ̀rọ

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú kọ̀ǹpútà, kí ó má ṣe máa fi ẹnu lásán bá oníkọ̀ǹpútà jà. Àwọn tí ó ṣe Algerian ti inú kọ̀ǹpútà kó àwọn lẹ́tà tí èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù nílò sínú rẹ̀. Láàárín ara wọn, àwọn èdè wọ̀nyí ń lo À, Á, È, É, Ò àti Ó, nítorí náà wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé a lè fi Algerian kọ ÌKÒRÒDÚ pátápátá, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, láìsí wàhálà kankan. Síbẹ̀ IKORODU nìkan ni a ń rí lára pátákó. Ti Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀rọ dí lọ́nà. Ti Ìkòròdú, ọwọ́ wa ni ó wà.

Ẹ, Ọ àti Ṣ ti ní àyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń to lẹ́tà, láti nǹkan bí ọdún 1993. Kì í ṣe nítorí Yorùbá nìkan. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, níbi tí àmì abẹ́ ti jẹ́ àmì ohùn, àwọn tí ń fi lẹ́tà Róòmù kọ Sánskrít sì ń lo ṣ. Nítorí èyí, fọ́ǹtì tí a ṣe fún Vietnam lè ní ẹ àti ọ kí ó má ní ṣ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irú bí Ẹ́, kò ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ẹ ni a ó tẹ̀, kí a tó fi àmì ohùn lé e lórí, fọ́ǹtì ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì yóò dúró. Charis SIL àti Gentium, lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n yẹ fún ìwé kíkà, àmọ́ wọn kì í ṣe lẹ́tà ọ̀ṣọ́.

Bí ènìyàn bá tẹ Ẹ̀PẸ́ nínú Algerian, Microsoft Word yóò lọ yá Ẹ nínú fọ́ǹtì mìíràn, yóò sì fi P nìkan sílẹ̀ nínú Algerian. Ohun tí yóò jáde dà bí ẹni tí ó wọ kóòtù sókè tí ó fi agbádá ró ìdí. Oníkọ̀ǹpútà yóò wò ó, yóò rí i pé kò dára, yóò sì yọ àmì náà kúrò. Nínú ìpinnu kékeré yẹn ni Ẹ̀pẹ́ ti ń di EPE, lójoojúmọ́, láìsí ẹni tí ó ní ìkà nínú.

Láti oṣù Kejì ọdún 2018, nígbà tí Gómìnà Akinwunmi Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin ìgbélárugẹ èdè Yorùbá, ni kíkọ́ èdè náà ti di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni yóò kọ́ ọmọ ní e àti ẹ láàárọ̀, ọmọ náà yóò sì jáde lọ́sàn-án lọ pàdé pátákó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ibi tí a lè bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníkọ̀ǹpútà: pátákó, ìwé ẹ̀rí, ètò ọjọ́ ìfẹ̀bùn-dánilọ́lá. Kí olùkọ́ Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ kí iṣẹ́ tó lọ, kí ó sì tún un wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bí oníkọ̀ǹpútà bá ní fọ́ǹtì náà kò ní Ẹ, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n Algerian ní àmì ìdánudúró tirẹ̀, tí a ṣe ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àwọn lẹ́tà yòókù. Nínú CorelDRAW tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, a lè tẹ EPE, kí a tẹ àmì ìdánudúró lọ́tọ̀, kí a gbé e sí abẹ́ E àkọ́kọ́ ní àárín gbùngbùn, kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ó má ba à kan ẹsẹ̀ lẹ́tà tàbí òjìji rẹ̀, kí a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí abẹ́ E kejì. Àmì ohùn náà kò ṣòro: È àti É ti wà nínú fọ́ǹtì, nítorí náà ÈPÉ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.